Bí A Ṣe Lè Mọ Fọ́tò Tí A Lè Fọ̀ Ní Ńlá

Ó ṣọ̀wọ́n kí àlejò wọ ilé olórúkọ kan ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kí ó má rí fọ́tò ńlá lára ògiri yàrá àlejò: bàbá tí ó kọ́ ilé náà nínú agbádá, ìyá ilé pẹ̀lú gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, tàbí ọmọ tí ó gboyè ní yunifásítì nínú aṣọ dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin. Bí ọjọ́ ìsìnkú àgbà bá dé, tàbí ọjọ́ ìwúyè, fọ́tò ti ara ògiri kì í tó mọ́. Ẹbí a fẹ́ èyí tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí wọn yóò gbé sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí ẹni tí ń ti ọ̀nà Òṣogbo bọ̀ lè mọ̀ láti òkèèrè pé ibí ni òde náà wà.

Lákòókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń rí ohun tí ojú kò fẹ́ rí. Fọ́tò tí ó ń dán nínú tẹlifóònù, tí gbogbo ọmọ olóògbé fi ọwọ́ sí, a wá di nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára bánà. Ojú bàbá a dà bí bíríkì kéékèèké tí a tò léra, ẹyinjú a dàpọ̀ mọ́ ìpéǹpéjú, ilà ojú a sì parẹ́. Owó ti jáde, ọjọ́ ti kò, àlejò ti gbéra ní Èkó. Ẹni tí a yà kò sì sí láyé mọ́ tí a ó fi ní kí ó tún wá jókòó. Nítorí náà, ó tọ́ kí ayàwòrán àti ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fún un mọ̀, kí owó tó kúrò lápò, bóyá kámẹ́rà kan tàbí fọ́tò kan lè ru ẹrù tí a fẹ́ gbé lé e lórí.

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ìlobùú, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, wà ní ibi tí ọ̀nà Òṣogbo, ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ẹdẹ ti pàdé, lẹ́bàá odò Èrìnlẹ̀. Ìfọ́n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrolù, sì wà nítòsí rẹ̀. Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, àti Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà, gbé ní Ẹdẹ, wọ́n sì gbé ní Ìlobùú, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Beier ya àwòrán púpọ̀ nípa ọba, òrìṣà àti ọdún ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ lára wọn sì wà ní ìpamọ́ títí di òní ní Òṣogbo, ní Centre for Black Culture and International Understanding tí a dá sílẹ̀ ní 2009. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú náà. Ó rí bí àgbà Yorùbá ti í jókòó kí a tó ya òun: ojú á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ á wà lórí eékún, aṣọ á tẹ́ gbẹẹrẹ. Ó sì rí i bí a ti í ya ìbejì tí ó kù láàyè lẹ́ẹ̀mejì, tí a ó sì fọ àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé ìkejì rẹ̀ jókòó tì í.

Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni Steven Sasson, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí kò lo fíìmù tí a lè gbé lọ́wọ́ kiri. Àwòrán rẹ̀ ní àmì 10,000 péré, ó sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 23 láti kọ ọ̀kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí onífọ́tò kan ní Ìlá nígbà náà tí ì bá fi kámẹ́rà tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn àmì wọ̀nyí ni a ń pè ní píksẹ́lì, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́ kò ní lè dá fọ́tò kankan lẹ́jọ́. Bí a bá sún mọ́ adé ọba, a ó rí i pé ojú tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ojú bí kò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí a sín tí a sì tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni ojú ti ń fara hàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fọ́tò ayé òde òní rí. Kámẹ́rà tí a bá sọ pé ó ní mẹ́gápíksẹ́lì 24 ń to ìlẹ̀kẹ̀ bíi mílíọ̀nù 24 sínú àwòrán kan, 6,000 ní ìbú àti 4,000 ní òró. Bí a bá ń fẹ àwòrán náà, ìlẹ̀kẹ̀ kò ní pọ̀ sí i. Ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa tóbi, títí ojú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí rí wọn.

Àwọn tí ń fọ fọ́tò ti fi ohùn ṣọ̀kan pé bí fọ́tò bá ní píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, ẹni tí ó bá gbé e sí ọwọ́ wò kò ní rí àbùkù. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 12, tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 4,000 ní 3,000, yóò fún wa ní fọ́tò tí ó fẹ̀ ní ínṣì 13 pẹ̀lú díẹ̀ tí ó sì ga ní ínṣì 10. Ti mẹ́gápíksẹ́lì 24 yóò dé 20 ní 13. Nikon D850, tí ó jáde ní 2017 pẹ̀lú píksẹ́lì 8,256 ní 5,504, yóò dé 27 ààbọ̀ ní 18. Ti Sony a7R IV, tí ó jáde ní 2019 pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́lì 61, fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 32 ní 21. Fujifilm GFX 100, tí òun náà jáde ní 2019 pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́lì 102, yóò dé nǹkan bí 39 ní 29.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ra kámẹ́rà tuntun fara balẹ̀ wo àwọn iye yìí. Láti 24 sí 45, ó dà bí ẹni pé agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìbú fọ́tò kò kúrò ní ínṣì 20 ju 27 ààbọ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ kí ìbú di ìlọ́po méjì, òró náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà píksẹ́lì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ owó ni àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò ti ná sórí ìyàtọ̀ tí oníbàárà wọn kò lè fi ojú rí.

Ọ̀rọ̀ 300 yìí kì í sì í ṣe òfin fún gbogbo fọ́tò. Ojú tí ó pé kò lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì lọ. Láti ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 286 nínú ínṣì kan. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ti di 95. Láti mẹ́wàá, 29. Láti ogún, 14 péré. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú 3,438, kí ó fi iye ínṣì tí ó wà láàárín ojú àti fọ́tò pín in. Ìdí nìyí tí pátákó ńlá ẹ̀bá ọ̀nà fi ń dán lójú ẹni tí ó wà nínú mọ́tò, tí ó sì jẹ́ wúruwùru lójú ẹni tí ó gun àkàbà láti kàn án mọ́ igi.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe «Mẹ́gápíksẹ́lì mélòó ni?» bí kò ṣe «Níbo ni ẹni tí yóò wò ó yóò dúró sí?» Bánà tí a so mọ́ iwájú ilé, tí a ó máa wò láti òdìkejì títì, kò béèrè púpọ̀. Fọ́tò ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yàtọ̀. Àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí i láti òkèèrè, lẹ́yìn náà wọn yóò sún mọ́ ọn, wọn yóò fi ọwọ́ kàn án, àwọn mìíràn yóò dúró tì í kí a yà wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Irú èyí gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì 95 sí 150 nínú ínṣì kan. Ti yàrá àlejò le jù, nítorí pé ọmọ ilé lè fi imú kan án lójoojúmọ́ fún ogún ọdún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀pọ̀ bánà ìsìnkú ti ń bàjẹ́. Àgbà kan lè wọ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kí ó sì na tẹlifóònù sí i: «Ọmọ mi, fọ́tò bàbá wa nìyí. Láti Ìbàdàn ni àbúrò mi ti fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni a fẹ́ kí ó ga.» Bí ọ̀dọ́ náà bá mọ iṣẹ́, kò ní gba owó kí ó tó dáhùn pé: «Ẹ kú ìdúró, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá fọ́tò yìí gan-an ṣì wà nínú kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á, nítorí pé WhatsApp ni èyí gbà wá.» WhatsApp, bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ nípa rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ṣe é, a máa fún un pọ̀ títí apá tí ó gùn jù yóò fi jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 1,600. Bí a bá na 1,600 sórí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, píksẹ́lì 22 ni yóò wà nínú ínṣì kan. Ẹni tí ó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá kò ní rí àléébù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa rí i. Láti 2023 ni ọ̀nà HD ti wà nínú WhatsApp tí kì í fún fọ́tò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó sàn jù ni kí a fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, èyíinì ni «Document», tàbí kí a gbé káàdì kámẹ́rà náà wá.

Nígbà mìíràn, bàbá kò tilẹ̀ ní fọ́tò tí òun nìkan wà nínú rẹ̀. Inú àwòrán aṣọ ẹbí níbi ìgbéyàwó kan ni a ó ti yọ ojú rẹ̀, òun pẹ̀lú ọgbọ̀n ènìyàn. Bí kámẹ́rà bá tilẹ̀ ní píksẹ́lì 6,000 ní ìbú, ojú kan ṣoṣo lè má ní ju 250 lọ. Bí a bá fọ ojú náà ní ìbú ínṣì 15, 17 ni yóò kan ínṣì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo mílíọ̀nù tí a kọ sí ara kámẹ́rà kò ran ojú náà lọ́wọ́. Àwọn ará ìyókù ni wọ́n pín in. Ó dára kí ọmọ mú òbí rẹ̀ lọ ya fọ́tò òun nìkan nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ àìsàn.

Iye píksẹ́lì kò sì tó láti dá kámẹ́rà lẹ́jọ́. Àwọn tẹlifóònù kan wà tí a kọ 200 sí lára, irú bí Samsung Galaxy S23 Ultra ti 2023. Ṣùgbọ́n ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà, ní ìgbà tí a kò bá yí i padà, ńṣe ni ó ń pa píksẹ́lì 16 pọ̀ di ọ̀kan, tí àwòrán sì ń jáde ní mẹ́gápíksẹ́lì 12. Kámẹ́rà ńlá tí ojú ìgbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 ní 24, bí fíìmù àtijọ́, ń rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ gbà, pàápàá nínú ilé tí iná kò mọ́lẹ̀ dáradára. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí a sì gbé ISO sókè, hóró bí iyanrìn yóò fọ́n sí ibi tí ó ṣókùnkùn nínú àwòrán. Nínú tẹlifóònù, a kò ní rí i. Lórí ínṣì 40, yóò dà bí ẹni pé eruku ọyẹ́ bà lé ojú ẹni náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì rí. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 45 tí a fi lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú sí dà bí awò ojú tí ó dọ̀tí lójú ẹni tí ń ríran dáadáa: etí àwòrán yóò ṣú, ìlà pọ́pù tàbí aláwọ̀ ewé yóò sì yọ létí aṣọ. Bí a bá dín ẹnu lẹ́ńsì kù sí f/8, ó sábà máa ń mú gírígírí jù. Bí a bá dín in kù títí dé f/22, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká lẹ́yìn ihò kékeré náà, àwòrán yóò sì rọ̀. Ọwọ́ tí ó gbọ̀n díẹ̀, tí kò hàn nínú fọ́tò káàdì, yóò hàn nínú fọ́tò ńlá. Ẹni tí ó bá lo lẹ́ńsì 85 láìsí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ yára tó ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú-àáyá, ó kéré tán. Kí ó sì rí i dájú pé ẹyinjú ni ó mú, kì í ṣe imú tàbí etí fìlà.

Aṣọ funfun ni ó ń fi òye ayàwòrán hàn jù ní agbègbè wa. Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, funfun sì ni aṣọ àwọn olùsìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alhaji tí ó ti Mẹ́kà dé, ìyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìjòyè nínú agbádá léèsì. A fi ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà ṣe ìṣirò pé ohun gbogbo tí ó bá wò yóò wà ní àárín dúdú àti funfun. Bí ó bá rí aṣọ funfun tí ó kún iwájú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ojú dúdú bàbá yóò wá dà bí èédú. Bí ayàwòrán bá fẹ́ gba ojú náà là, tí ó ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀, aṣọ yóò di funfun pátápátá láìsí ìṣẹ́po, láìsí ọnà ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bébà tí a gé lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó ti di funfun pátápátá bẹ́ẹ̀ kò sí ọgbọ́n tí a lè fi dá a padà.

Kì í sì í ṣe kámẹ́rà òde òní nìkan ni ó ní àìṣòdodo yìí. Káàdì tí Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò káàkiri láti àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń pè ní «Shirley», ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ ara. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe káàdì tí àwọn ènìyàn aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán wa ni ó fi ọgbọ́n ara wọn wá ọ̀nà.

Ọ̀nà náà kò sì gba owó púpọ̀. Kí a ya àgbà náà ní òwúrọ̀, tàbí lábẹ́ òjìji tí ó ṣí sí ìta, bí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ẹnìkan gbé pátákó funfun dání láti dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí a wọn ìmọ́lẹ̀ títí aṣọ yóò fi mọ́ láìpàdánù ìṣẹ́po, lẹ́yìn náà kí a fa ojú yọ díẹ̀ nígbà tí a bá ń tún un ṣe. Èyí ni RAW fi dára ju JPEG lọ: JPEG kò mọ̀ ju ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí RAW tí ó jẹ́ bíìtì 14 ní 16,384. Nínú ìpele wọ̀nyí ni a ti lè fa ojú jáde láìjẹ́ kí hóró yọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán kámẹ́rà méjì wò kí ó fi ènìyàn dúdú kan nínú aṣọ funfun ṣe é, kì í ṣe òdòdó inú ọgbà. Òdòdó a máa dára nínú gbogbo kámẹ́rà.

Léèsì àti aṣọ òkè náà ní ẹjọ́ tiwọn. Nígbà tí àwọn ìlà wínníwínní ara aṣọ bá pàdé ìlà píksẹ́lì, ìlà kẹta tí kò sí lára aṣọ náà yóò yọ, yóò máa ru bí omi odò, pẹ̀lú àwọ̀ bí òṣùmàrè. Àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà a máa fi gíláàsì kan tí ń mú àwòrán rọ̀ díẹ̀ bo ojú ìgbàmọ́lẹ̀ láti dènà èyí. Ṣùgbọ́n nínú kámẹ́rà tí a ṣe fún fọ́tò ńlá, wọ́n ti ń yọ agbára rẹ̀ kúrò kí àwòrán lè mú gírígírí: Nikon D800E ti 2012 àti Canon 5DS R ti 2015 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹni tí ń ya òde aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí òun ní. Bí ìlà náà bá yọ, kí ó sún síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì kí ó tún un yà; ó sábà máa ń lọ.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930, tí ó sì kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ìfọfọ́tò ní Ilé-iṣẹ́ Ìròhìn ní Ìbàdàn. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin Nàìjíríà. Àwọn fọ́tò náà ti dé ilé àfihàn káàkiri àgbáyé, òwú irun kọ̀ọ̀kan sì hàn nínú wọn, láìsí píksẹ́lì kankan. Fíìmù tí ó gbòòrò, ìmọ́lẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ọwọ́ tí kò kánjú ni ó tó o.

Báwo wá ni a ó ṣe dán fọ́tò wò kí a tó san owó ìwọ̀n ńlá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wọn a fẹ̀ ẹ́ títí píksẹ́lì kan yóò fi kan àmì kan lójú ẹ̀rọ, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé kò mú. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní àmì bíi 96 nínú ínṣì kan. Píksẹ́lì 6,000 lórí irú rẹ̀ dà bí fọ́tò tí ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, tí a ń wò láti ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kò sí ẹni tí ń wo bánà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ń fi kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24 wé ti 61 ní ọ̀nà yìí, ti 61 yóò máa fara hàn bí ẹni pé òun ni ó burú, nítorí pé a ti fẹ̀ ẹ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n fọ́tò kan náà ni kí a mú àwọn méjèèjì wá sí.

Ẹ̀rí tí ó dájú ni kí a fọ apá kan. Ká ní fọ́tò mẹ́gápíksẹ́lì 24 ni a fẹ́ fọ̀ ní ínṣì 60 ní 40. Píksẹ́lì 100 yóò kan ínṣì kọ̀ọ̀kan. Kí onífọ́tò gé 1,000 ní 800 jáde níbi tí ojú wà, kí ó fọ̀ ọ́ ní ínṣì 10 ní 8, lórí irú bébà tàbí flẹ́ẹ̀sì tí a ó lò gan-an. Owó fọ́tò kékeré ni yóò gbà. Kí ó gé apá kejì láti inú aṣọ, àti ẹ̀kẹta láti igun àwòrán níbi tí lẹ́ńsì ti máa ń kùnà. Kí wọ́n gbé e mọ́ ògiri, kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ sì dúró sí ibi tí àlejò yóò dúró sí. Kí ó wò ó ní ojúmọmọ, nítorí pé ojú tẹlifóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n bébà kì í tàn. Ohun tí ó mọ́lẹ̀ nínú ọwọ́ lè ṣú lára ògiri.

Ìṣòro tuntun kan ti wọlé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tí ń gba fọ́tò kékeré, tí wọ́n sì ń dá a padà ní ńlá tí ó ń dán. Wọn kò rí ohun tí kámẹ́rà kò rí. Ńṣe ni wọ́n ń ṣe àfikún láti inú ẹgbàágbèje ojú mìíràn tí a ti fi hàn wọ́n. Fún ewéko, ògiri tàbí aṣọ, wọ́n wúlò. Fún ojú àgbà Yorùbá, ewu wà ńbẹ̀. Ètò náà lè ka pélé sí ìhunjọ awọ kí ó sì pa á rẹ́, ó lè sọ àbàjà mẹ́rin di mẹ́ta, ó lè fún ẹni tí eyín rẹ̀ ní èjí ní eyín tí ó tò pọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tí kò mọ bàbá náà yóò máa wo ojú ẹni tí kò wà láyé rí, lórí ògiri baba wọn. Bí onífọ́tò bá lo irú ètò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó sọ fún ẹbí, kí ó sì pe ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé wá wo ilà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí àgbà náà bá sọ pé kì í ṣe òun, fọ́tò tí ó rí wúruwùru ni kí wọ́n lò, kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù.

Ní ti fọ́tò àtijọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, bí nẹ́gátíìfù bá wà, òun ni kí a lò. Bí kò bá sí, kí a fi ẹ̀rọ ìdàkọ ya fọ́tò náà ní 600 nínú ínṣì kan. Fọ́tò ínṣì 4 ní 6 yóò fún wa ní píksẹ́lì 2,400 ní 3,600, èyí tí ó lè dé ínṣì 24 ní 36 pẹ̀lú 100 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan bí fọ́tò àkọ́kọ́ bá mú dáadáa. Kí a má ṣe fi tẹlifóònù yà á láti òkè gíláàsì férémù. Iná àjà ilé yóò hàn nínú rẹ̀, àti orí ẹni tí ń yà á.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹbí gba fọ́tò inú kámẹ́rà náà gan-an lọ́wọ́ onífọ́tò, RAW àti JPEG, sínú fúláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ń gbé ìlú mìíràn. Flẹ́ẹ̀sì tí oòrùn ń pa níwájú ilé kì í pẹ́ kí ó tó ṣá, ẹbí yóò sì fẹ́ tún un fọ̀ fún ìrántí ọdún kan.